Báwo lẹ ṣe ń sọ ìtàn Fúráìdè Rere àti Àjíǹde fún àwọn ọmọ kéékèèké?

Mọ́mì Àpáta

Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ìmúra ọdún Àjíǹde, a ó ṣe púpọ̀ ẹ̀ láyé o. Ẹ jọ̀ọ́ ìmọ̀ràn ni mò ń wá. Ọmọbìnrin mi ti pé ọdún márùn-ún, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó kọjá wọ́n kó àwọn ọmọ jọ síwájú tẹlifíṣọ̀n ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n wá gbé fíìmù ìjìyà Jésù sí i, èyí táwọn ṣọ́jà ń na Jésù tí gbogbo ara ẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, wọn ò fo ibì kankan. Àtìgbà yẹn ni ọmọ yìí ò ti fẹ́ dá sùn mọ́, tí iná bá lọ báyìí ara mi ló máa lẹ̀ mọ́, káfíńtà wá tún ilẹ̀kùn wa ṣe ó rí ìṣó lọ́wọ́ ẹ̀ ó bú sẹ́kún. Lánàá ó wá bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé Dádì Jésù ò gbọ́ nígbà tó ń sunkún ni?" Ọ̀rọ̀ ò wá sí mi lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ náà ní tiẹ̀, ó fi ìka ka Fúráìdè sí Sọ́ńdè, ó ní kò pé ọjọ́ mẹ́ta, òru méjì péré ni.

Mi ò fẹ́ fi ìtàn yìí pamọ́ fún wọn torí òun gan-an ni ìgbàgbọ́ wa dúró lé, mi ò sì fẹ́ kí ẹ̀rù jẹ́ ohun tí wọ́n á máa rántí mọ́ Jésù. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é nílé yín? Mo ti ń gbàdúrà sí i, ohun tí màá fẹnu sọ fún wọn ni mò ń wá.

Tíṣà Bódìjà

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Mo ti ń kọ́ kílásì àwọn ọmọ kéékèèké ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tipẹ́, irú ọ̀rọ̀ yìí sì máa ń dé etí mi tí Ísítà bá ti ń súnmọ́. Irú fíìmù yẹn, àwọn àgbà ni wọ́n ṣe é fún. Ó lè ṣòro fún ọmọ ọdún márùn-ún láti mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó ń ṣeré àti ẹni tí wọ́n ń lù lóòótọ́, ohun tójú ẹ̀ bá ti rí ti wọlé nìyẹn.

Torí náà ẹ fi Bíbélì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ẹ fún un ní pépà àti kráyọ̀n kó ya ohun tó rí. Ẹ má bá a tún un ṣe, ẹ má sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ kàn jókòó tì í kẹ́ ẹ máa bi í pé ta nìyí, kí ló ń ṣe. Ẹ̀yìn ìyẹn lẹ máa wá sọ fún un pé ọkùnrin tó rí nínú fíìmù yẹn òṣèré ni, nǹkan pupa ni wọ́n fi kun ara ẹ̀, ó ti fọ̀ ọ́ kúrò, ó ti lọ sílé ẹ̀ lọ jẹun. Àmọ́ ẹ má sọ pé kò ṣẹlẹ̀ rárá o. Ó ṣẹlẹ̀. Ẹ ní Jésù jìyà lóòótọ́, ó dùn ún, ṣùgbọ́n ó ti tán, kò dùn ún mọ́, ó wà láàyè báyìí. Ẹ tẹnu mọ́ "kò dùn ún mọ́" yẹn dáadáa, mo ti rí i tó ń fi ọmọ lọ́kàn balẹ̀ ju àlàyé gígùn lọ.

Ìbéèrè tó bi yín nípa Dádì Jésù, ẹ má bá a wí sí i o. Jésù fúnra ẹ̀ béèrè irú ẹ̀ lórí igi, ó wà nínú Máàkù 15. Ohun tí èmi máa ń sọ fún wọn ni pé Bàbá ẹ̀ gbọ́. Jésù ló gbà láti lọ, ó ti sọ ọ́ ṣáájú nínú Jòhánù 10 pé kò sẹ́ni tó gba ẹ̀mí òun lọ́wọ́ òun, òun lòun fi lélẹ̀. Bàbá ẹ̀ sì lọ mú un jáde nínú ibojì. Ibẹ̀ ni màá dúró sí fún ọmọ ọdún márùn-ún. Tó bá tún béèrè, màá tún dáhùn.

Bí mo ṣe ń sọ ìtàn yẹn gan-an fún àwọn tó wà láàárín ọdún mẹ́ta sí márùn-ún nìyí, ẹni tó bá fẹ́ lè lò ó:

Jésù fẹ́ràn gbogbo èèyàn. Ó wo aláìsàn sàn, ó gbé àwọn ọmọdé sápá. Àwọn olórí kan ń bínú sí i, wọn ò fẹ́ káwọn èèyàn máa tẹ̀ lé e. Wọ́n mú un lóru, wọ́n kàn án mọ́ àgbélébùú, ó sì kú. Ìyá ẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń sunkún. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ gbé e lọ sínú ihò àpáta, wọ́n yí òkúta ńlá dí ẹnu ẹ̀. Ilẹ̀ ṣú. Ilẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ tún ṣú. Nígbà tó di ìdájí Sọ́ńdè, ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan tó ń jẹ́ Màríà lọ síbẹ̀, ó bá òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, inú ihò ṣófo. Ó ń sunkún. Ó rí ẹnì kan, ó rò pé ẹni tó ń tọ́jú ọgbà ni. Ẹni yẹn bá pè é, "Màríà!" Ó mọ ohùn yẹn. Jésù ni!

Tí mo bá ti dé ibi tó ti pe Màríà yẹn mo máa ń dẹ ohùn sílẹ̀, màá wá pe orúkọ àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí Jésù ṣe pe tiẹ̀, ẹ ò mọ bí ojú wọn ṣe máa ń tàn. Gbogbo ẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mo kọ: ẹ má dá ìtàn yẹn dúró sórí àgbélébùú kẹ́ ẹ ní ẹ máa parí ẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Bí ìsìn ṣe tò ó ni ọ̀pọ̀ wa ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àgbà lè dúró, ó ti mọ bó ṣe máa parí. Ọmọ kékeré ò lè fi òkú Jésù sọ́kàn sùn fún òru méjì. Lórí ìjókòó kan náà tẹ́ ẹ ti sọ pé ó kú, ibẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ ti sọ pé ó jí. Tó bá di Sọ́ńdè ẹ tún un sọ, ọmọ kì í sú fún ìtàn tó bá dùn mọ́ ọn.

Ìyá Àgbà Kúdẹ̀tì

Tíṣà, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo fẹ́ fi kan kún un. Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi ikú Jésù ṣe pàṣán. Mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ìyá, ọmọ jí ẹran nínú ìkòkò, wọ́n á ní "ìwọ lo kan Jésù mọ́gi, irú ohun tó o ṣe yìí ló pa á." Ẹ wo ọmọ ọdún mẹ́fà kẹ́ ẹ gbé ẹrù yẹn lé e lórí! Òótọ́ ni pé ó kú fún ẹ̀ṣẹ̀ wa, ọmọ á dàgbà á sì yé e. Ní báyìí ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé torí ìfẹ́ ló ṣe kú, kẹ́ ẹ sì yọwọ́ ẹran kúrò nínú ẹ̀. Ẹran, ẹ bá a sọ ọ̀rọ̀ ẹran.

Ìbéèrè ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ò le rárá. Àwa Yorùbá gan-an ò ṣe bẹ́ẹ̀ ka ọjọ́? Ẹ bi bàbá àgbà kan pé ìgbà wo ni ijọ́ mẹ́ta òní, ọ̀túnla ló máa sọ, torí òní wà nínú ẹ̀. Ọjà ọrún náà nìyẹn, márùn-ún la ń pè é, ọjọ́ tí wọ́n ná a lónìí la fi bẹ̀rẹ̀. Báyìí náà làwọn Júù ṣe ń kà á, apá kan ọjọ́ ti di ọjọ́ kan. Jésù kú ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán Fúráìdè, wọ́n sin ín kílẹ̀ tó ṣú, ìyẹn ọjọ́ kan, Sátidé méjì, Sọ́ńdè mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kó fi ìka ka tiẹ̀ báyìí, á rí i pé ó pé.

Tó bá tún béèrè ìdí tí Kérésì fi máa ń dúró sójú kan tí Ísítà ń sún kiri, ẹ sọ fún un pé òṣùpá ni wọ́n ń wò sí i. Sọ́ńdè tó bá tẹ̀ lé òṣùpá àrànmọ́jú àkọ́kọ́ láti ọjọ́ 21 oṣù Kẹta ni. Kì í ṣáájú ọjọ́ 22 oṣù Kẹta, kì í sì kọjá ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin. Ní 2025 ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ló bọ́ sí, ní 2026 ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin. Ọmọ ọdún mẹ́jọ fẹ́ràn irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ẹ mú un jáde lálẹ́ ọ̀sẹ̀ yẹn kó wo òṣùpá, á bá a tó ń kún lọ tàbí tó ti ń fá lẹ́yìn tó kún tán.

Bàbá Ìbejì Mọ́níyà

Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo yín. Nílé tiwa Ọjọ́bọ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀, alẹ́ tí Jésù fọ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀, Jòhánù 13. Mo máa ń bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú bàsíà, màá ju aṣọ ìnura sí èjìká, màá kúnlẹ̀ síwájú àwọn ìbejì màá fọ ẹsẹ̀ wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, ìyá mi wà lọ́dọ̀ wa, ariwo ni wọ́n pa, wọ́n ní kí bàbá má kúnlẹ̀ fún ọmọ, èèwọ̀ ni. Táyé náà fa ẹsẹ̀ ẹ̀ sẹ́yìn, ó ní "Dádì ẹ dìde, ẹ dìde." Mo ní ohun tí Pétérù sọ fún Jésù gan-an nìyẹn, pé kò ní fọ ẹsẹ̀ òun láéláé. Ìyá mi dákẹ́. Lẹ́yìn náà àwọn fúnra wọn na ẹsẹ̀ tiwọn.

Ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti kọ́ láti dọ̀bálẹ̀ tàbí kó kúnlẹ̀ kí àgbà ní gbogbo àárọ̀, kò sí ìwàásù tó máa yé e tó kí àgbà kúnlẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan. Á mọ irú ẹni tí Jésù jẹ́ kó tó di pé wọ́n sọ fún un pé wọ́n kàn án mọ́ àgbélébùú. Tí ọmọ bá ti kọ́kọ́ fẹ́ràn ẹni yẹn, ìtàn ikú ẹ̀ á yàtọ̀ létí ẹ̀.

Sista Ring Road

Kátólíìkì ni wá, ó rọrùn fún wa díẹ̀ torí ṣọ́ọ̀ṣì fúnra ẹ̀ ń kọ́ wọn, ojú wọn á rí i, etí wọn á gbọ́ ọ. Láti alẹ́ Ọjọ́bọ̀ Mímọ́, lẹ́yìn orin Ògo, wọn ò ní lu agogo mọ́, igi ni wọ́n máa ń lù kà-kà-kà títí di òru Sátidé. Wọ́n á kó gbogbo ohun tó wà lórí pẹpẹ kúrò. Fúráìdè ò sí Máàsì rárá, lọ́jọ́ yẹn nìkan la máa ń lọ fẹnu ko àgbélébùú lẹ́nu. Èmi kì í ṣàlàyé púpọ̀, mo máa ń ní kí wọ́n wo ohun tó yí padà nínú ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n wá sọ fún mi, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á ní "Mọ́mì wọ́n ti kó aṣọ pẹpẹ lọ!" Látibẹ̀ lọ̀rọ̀ á ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà Àgbélébùú ní tiẹ̀ ibùdó 14 ni, kò pọn dandan kí ọmọ kékeré tò ó tán. Mo máa ń mú èyí tí Símónì ará Kírénè bá Jésù gbé àgbélébùú àti èyí tí Veronica fi aṣọ nu ojú ẹ̀, torí ọmọ á rí ẹni tó ran Jésù lọ́wọ́ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹ má jẹ́ kí ìsìn òru Sátidé kọjá wọn o, ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn lọ́sàn-án. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì á ṣú dùdù, wọ́n á dáná tuntun níta, wọ́n á fi tan àbẹ́là ńlá, látorí ẹ̀ ni tẹnì kọ̀ọ̀kan á ti máa gba iná títí gbogbo ilé á fi mọ́lẹ̀, tó bá wá di Ògo agogo á bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Mọ́mì Àpáta, ọmọ tó ń bẹ̀rù òkùnkùn bíi ti yín yẹn, mo rò pé á ṣe é lóore tó bá dúró tì yín kó di àbẹ́là tiẹ̀ mú. Ẹ fi páálí yí ìdí ẹ̀ ká kó má jó o lọ́wọ́.

Dèbórà Àgbọwó

Ìjọ tiwa kì í ṣe Lẹ́ńtì, a ò ní Ọjọ́rú Eérú, a kì í gbé ìmọ̀ ọ̀pẹ. Ìwé Lúùkù la máa ń kà ní díẹ̀díẹ̀ lálẹ́ láti Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ yẹn, bẹ̀rẹ̀ láti orí 19, àwọn ọmọ á sì máa fi ẹnu ara wọn tún un sọ. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kẹ́ni tí ìjọ ẹ̀ ò bá ní ìsìn tó pọ̀ má rò pé òun ò lè ṣe nǹkan kan.

Mọ́mì Àpáta

Ẹ ṣé gan-an, mò ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Àwòrán yẹn ti bẹ̀rẹ̀ o Tíṣà, ìṣó ló kọ́kọ́ yà, ó tóbi ju èèyàn lọ.

Nǹkan míì tún jáde. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹ́ Mùsùlùmí, àwọn ọmọ wọn wà lọ́dọ̀ wa fún họlidé. Èyí tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sọ fún ọmọkùnrin mi pé wọn ò kan Jésù mọ́gi rárá, Ànábì Ísà ni, Ọlọ́run gbé e lọ sókè. Wọ́n fẹ́ẹ̀ẹ́ jà. Kí ni mo máa sọ tí mi ò ní ba àárín wọn jẹ́?

Ọmọ Bẹẹrẹ

Sista mi, ìdajì Ìbàdàn ló ń gbé nínú irú ilé yìí. Bàbá bàbá mi Alájì ni, ìyá ìyá mi wà nínú ẹgbẹ́ ìyá ìjọ. Ọmọ yẹn ò parọ́, ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní ilé kéwú ló sọ, ó wà nínú Súrà kẹrin nínú Kùránì. Ẹ pe ọmọkùnrin yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kẹ́ ẹ sọ fún un gbangba pé ohun tí Bíbélì sọ nìyí, ohun tí àwa gbà gbọ́ nìyí, Jésù kú ó sì jíǹde. Àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní tiwọn gbà pé wọn ò kàn án mọ́gi. Wọ́n bọ̀wọ̀ fún Jésù, wọ́n bọ̀wọ̀ fún ìyá ẹ̀, Súrà kan odindi ló ń jẹ́ Màríyámù. Ọmọ ọdún mẹ́jọ lè gbé méjèèjì sọ́wọ́, tí kò ní gbàgbé tiẹ̀, tí kò sì ní bú tẹlòmíì.

Ẹ má kọ́ ọ ní àríyànjiyàn o, ẹ má sì sọ pé iná ọ̀run ni wọ́n ń lọ, torí wọ́n jọ máa sùn lórí ẹní kan náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ pè wọ́n sí ìrẹsì ọdún, bí wọ́n ṣe ń gbé ẹran Iléyá wá fún yín.

Ìyá Ẹlẹ́wà Challenge

Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n bí mi, Ìbàdàn ni mo wá ṣaya sí. Ní tiwa frejon ni Fúráìdè Rere. Àwọn Àgùdà tó padà ti Brazil dé ló mú un wá. Ẹ̀wà tá a sè títí tó fi rọ̀, a ó lọ̀ ọ́, a ó da omi àgbọn sí i, a ó máa rò ó lórí iná títí á fi ki, ẹlòmíì máa ń fi ṣúgà díẹ̀ sí i, ọbẹ̀ ẹja la fi ń jẹ ẹ́ torí a kì í jẹ ẹran lọ́jọ́ náà. Àwọn ọmọ mi ló máa ń ha àgbọn tí wọ́n á sì fún un. Ìgbà tí ọwọ́ wọn bá wà lẹ́nu iṣẹ́ báyìí ni wọ́n máa ń béèrè ìbéèrè tó jinlẹ̀, èmi náà á máa dáhùn bí mo ṣe ń rokà ẹ̀wà mi, kò dà bí ìgbà tí mo pè wọ́n jókòó. Ẹ sè é, ẹ bù fún aládùúgbò.

Ìyá Àgbà Kúdẹ̀tì

Ọ̀rọ̀ Júdásì ni mo fẹ́ sọ. Nígbà tá a wà lọ́mọdé, àwọn ọmọ àdúgbò máa ń fi àkísà àti koríko ṣe Júdásì, wọ́n á so ó mọ́ òpó, wọ́n á wá máa fi kòbókò nà án lọ́jọ́ Fúráìdè Rere títí á fi tú ká. Wọ́n gbádùn ẹ̀, àmọ́ kí ni wọ́n kọ́ níbẹ̀? Mi ò fẹ́ ẹ fún àwọn ọmọ-ọmọ mi. Pétérù ni mo máa ń sọ fún wọn, ẹni tó sẹ́ Jésù lẹ́ẹ̀mẹta kí àkùkọ tó kọ, tó jáde tó sunkún kíkorò, tí Jésù sì tún pè é padà. Ọmọ mọ ohun tó ń jẹ́ kéèyàn bẹ̀rù kó purọ́. Kí ó mọ̀ pé èèyàn lè padà.

Kẹ́ ẹ sì tó pé ẹ ń wá ibi tẹ́ ẹ máa mú wọn lọ, ẹ mú wọn wá sí Kúdẹ̀tì níbí, ẹ wá fi ṣọ́ọ̀ṣì St David's hàn wọ́n. Ọ̀gbẹ́ni David Hinderer tó jẹ́ míṣọ́nnárì kọ́kọ́ wá wo Ìbàdàn ní 1851, òun àti ìyàwó ẹ̀ Anna wá dé láti wá gbé níbí ní 1853, àwọn ọmọ kéékèèké ni ìyá yẹn kó jọ sọ́dọ̀ tó ń kọ́. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín pé ọmọdé bíi tiwọn wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn Àjíǹde nílùú yìí.

Sista Ring Road

Mà, mo fara mọ́ ti Júdásì yẹn. Ẹ jẹ́ kí n so èyí mọ́ ọn: ẹ má kọ́ ọmọ pé "àwọn Júù ló pa Jésù." Jésù gan-an Júù ni, ìyá ẹ̀ Júù ni, Pétérù àti gbogbo àwọn méjìlá Júù ni. Pílátù ará Róòmù ló dájọ́, ṣọ́jà Róòmù ló kàn án. Ìjọ Kátólíìkì sọ ọ́ gbangba ní 1965 níbi ìpàdé Vatican Kejì pé kò tọ́ kí wọ́n di ẹ̀bi ẹ̀ ru gbogbo àwọn Júù. Ẹ ní "àwọn olórí kan" bí Tíṣà ṣe sọ ọ́ lókè yẹn, ó tó.

Mọ́mì Ẹlẹ́yẹlé

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí tèmi náà. Ìyá mi kú ní oṣù Kìíní. Ọmọ mi ọmọ ọdún mẹ́fà ló sún mọ́ wọn jù. Ó gbọ́ ìtàn Àjíǹde ní iléèwé, ó wá ń bi mí pé ọjọ́ mẹ́ta ti pé tipẹ́, kí ló dé tí Gránmà ò tíì jí. Mo kàn ń sunkún ni.

Tíṣà Bódìjà

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ẹ kú àṣẹ̀yìndè, Ọlọ́run á tu yín nínú. Ẹ jẹ́ kí n dákẹ́ fún Ìyá Àgbà lórí èyí.

Ìyá Àgbà Kúdẹ̀tì

Ọmọ mi, ẹ má bínú, ẹ kú ìfaradà. Ẹkún yẹn, ẹ má fi pamọ́ fún ọmọ. Jésù sunkún níbi ibojì Lásárù, ó sì mọ̀ pé òun máa jí i.

Ẹ má sọ fún un pé Gránmà sùn, ẹ má sì sọ pé wọ́n rìnrìn àjò. Báwa àgbà ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, ó sì yé wa. Ọmọ tẹ́ ẹ bá sọ fún pé wọ́n sùn, ẹ̀rù oorun á máa bà á. Èyí tẹ́ ẹ bá sọ fún pé wọ́n rìnrìn àjò, ojú ọ̀nà ni á máa wò, á máa bínú pé wọn ò pe òun lórí fóònù. Ẹ ní wọ́n kú. Ẹ ní ara wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́, wọn ò jẹ̀rora, wọ́n wà lọ́dọ̀ Ọlọ́run.

Tó bá di ọ̀rọ̀ ọjọ́ mẹ́ta yẹn, Pọ́ọ̀lù dáhùn ẹ̀ nínú Kọ́ríńtì Kìíní orí 15. Ó ní Kristi ni àkọ́so, olúkúlùkù ní àyè tiẹ̀, lẹ́yìn náà àwọn tó jẹ́ ti Kristi nígbà tó bá dé. Ẹ sọ fún un pé Jésù ló kọ́kọ́ jáde, tiwọn ń bọ̀ lẹ́yìn. Tó bá ní ìgbà wo, ẹ ní ẹ ò mọ ọjọ́ ẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀. Ọmọ lè gba "mi ò mọ̀" lẹ́nu ìyá ẹ̀ tí ìyá ẹ̀ bá sọ ọ́ láìmira. Tó bá jẹ́ inú ọgbà ilé yín ni wọ́n sin wọ́n sí, ẹ jẹ́ kẹ́ ẹ jọ lọ síbẹ̀ láàárọ̀ Sọ́ńdè yẹn, kó já òdòdó dání, kẹ́ ẹ ka ohun tí áńgẹ́lì sọ nípa Jésù sókè níbẹ̀, pé kò sí níhìn-ín, ó ti jíǹde. Kó sọ ohun tó bá fẹ́ sọ fún Gránmà ẹ̀. Ẹ má dá a lẹ́kun.

Mọ́mì Ẹlẹ́yẹlé

Ẹ ṣé mà. Ẹ ṣé gan-an.

Tíṣà Bódìjà

Àmín sí gbogbo ẹ̀. Fún ẹni tó bá ń wá iṣẹ́ ọwọ́: Jésù fi irúgbìn tó bọ́ sílẹ̀ tó kú tó wá so èso ṣe àpẹẹrẹ ara ẹ̀ nínú Jòhánù 12, torí náà èmi kì í wá àwòkọ́ṣe míì. Ẹ ra kọ́ọ̀pù rọ́bà tó mọ́ gaara, ẹ fi òwú sí i, ẹ wọ́n omi sí i kó tutù láì pọ̀, ẹ fi ẹ̀wà sí àárín òwú àti ara kọ́ọ̀pù kí ọmọ lè máa rí i. Ẹ̀wà tuntun ni o, èyí tí kòkòrò ò tíì jẹ tí wọn ò sì fi oògùn pa mọ́. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún á ti yọ, torí náà tẹ́ ẹ bá gbìn ín lọ́jọ́ Ọjọ́rú, nǹkan á ti jáde tàbí kó máa jáde lọ́jọ́ Àjíǹde. Ẹ gbin mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí èyí tí ò bá hù má sọ ọ̀rọ̀ yín di nǹkan míì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí ní ìkọ̀kọ̀ nípa ẹyin àti ehoro orí YouTube, ẹ sọ fún ọmọ pé àwọn òyìnbó fẹ́ràn láti fi ṣeré ọdún, kò sí nínú ìtàn Bíbélì, kẹ́ ẹ kọjá lọ. Kò yẹ fún ìjà.

Bàbá Ìbejì Mọ́níyà

Ó ku Mọ́ńdè o, ọjọ́ Gálílì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa kó àwọn ọmọ lọ sí Agódì Gardens tàbí ọgbà ẹranko UI, ẹ tètè lọ, tó bá ti di ọ̀sán kò ní í sí ibi tẹ́ ẹ máa tẹ́ ẹní sí. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka Mátíù 28 fún wọn kẹ́ ẹ tó ṣí kúlà, níbi tí Jésù ti ní kí àwọn obìnrin lọ sọ fún àwọn arákùnrin òun kí wọ́n lọ sí Gálílì, ibẹ̀ ni wọ́n á ti rí òun. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló rò pé Gálílì ni orúkọ jọ̀lọ́ọ̀fù àti bọ́ọ̀lù.

Tí owó ọkọ̀ àti owó géètì bá le, bó ṣe le fún wa náà, ẹ̀yìnkùlé tó. Èédú la máa ń dá, àwa àtàwọn ọmọ adúgbò, a ó yan ẹja, a ó ka Jòhánù 21, níbi tí Jésù ti dáná èédú sétí òkun tó yan ẹja de àwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ tí wọ́n fi gbogbo òru ṣiṣẹ́. Àwọn ìbejì máa ń fẹ́ ka ẹja 153 tó kó sínú àwọ̀n àwọn ọmọ ẹ̀yìn yẹn sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á. Mọ́mì Àpáta, ẹ kó àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n yín dání, gbogbo wọn ló máa jẹ ẹja. Àmọ́ ẹ ti ra tiyín kó tó di Fúráìdè o, owó ẹja máa ń gun òkè lọ́sẹ̀ yẹn.